Kòkòrò onírun funfun tí wọ́n rí ní Ọsirélíà: kí ni wọ́n ń pè ní "ẹ̀yà tuntun" gan-an?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwòrán ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ara rẹ̀ pupa, ó dúdú láwọn ibì kan, irun funfun gígùn sì bò ó láti orí dé ìdí, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìròyìn tó bá àwòrán náà rìn ni pé ẹ̀yà tuntun ni, pé kò sí nínú ìwé kankan. Bí ìròyìn náà ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ra. Ẹni kan á ní ṣé kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni, ẹlòmíràn á béèrè pé ta ló láṣẹ láti sọ pé tuntun ni, ẹlòmíràn á sì ní kí ló dé tí wọ́n fi pa á nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, a ó sì mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀, níbo ló sì ti ṣẹlẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, James Tweed, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Queensland nígbà náà, lọ pàgọ́ sí Binna Burra. Orí òkè ni Binna Burra wà, lẹ́yìn ìlú Gold Coast ní ìlà-oòrùn Ọsirélíà, ó sì fara ti igbó Lamington tí ìjọba ti ń dáàbò bò láti ọdún 1915. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń rìn kọjá láàárín àgọ́, ó rí nǹkan funfun kan lórí ewé Lomandra, ewéko kan tí ewé rẹ̀ gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti koríko. Ó kọ́kọ́ rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Nígbà tó tún un wò ló tó rí i pé kòkòrò ni.

Mìlímítà 9.7 ni gígùn kòkòrò náà, kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Tweed mọ̀ pé ọ̀kan lára àwọn ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn oníwo gígùn ni, ṣùgbọ́n kò mọ èwo nínú wọn. Ó tú ìwé, ó tú àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀, ó fi àwòrán rẹ̀ síta lórí ayélujára bóyá ẹnìkan á dá a mọ̀. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ló bá kàn sí ibi tí Ọsirélíà ń kó kòkòrò pamọ́ sí ní Canberra, tí wọ́n ń pè ní ANIC, lábẹ́ àjọ ìwádìí CSIRO. Kòkòrò tó wà nípamọ́ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 12. Adam Ślipiński àti Lauren Ashman, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Èyí tí wọ́n rí kò bá ìkankan mu nínú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jọ kọ àpèjúwe rẹ̀ sínú Australian Journal of Taxonomy, wọ́n sì sọ ọ́ ní *Excastra albopilosa*.

Ibi tí wọ́n ti rí i tún jẹ́ ara ohun tó mú kí ìròyìn náà rìn jìnnà. Binna Burra kì í ṣe aginjù. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń sùn níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ àti igi ti ń gba ibẹ̀ lọ gba ibẹ̀ bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, iná igbó jó ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kanlẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ni kòkòrò tí ìwé kankan kò mọ̀ jókòó sí lórí ewé.

Ṣé kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni?

Rárá o. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pàgọ́ síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni àpèjúwe rẹ̀. Nínú ìmọ̀ ìṣẹ̀dá, ẹ̀yà kan di "tuntun" lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin ṣe là á kalẹ̀: pé báyìí ló rí, èyí ló fi yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀, ẹyọ tí a fi ń jẹ́rìí rẹ̀ wà níbi báyìí, orúkọ rẹ̀ sì nìyí. Bí gbogbo abúlé bá mọ kòkòrò kan, tí wọ́n ti lórúkọ tí wọ́n ń pè é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, síbẹ̀ "tuntun" ni àwọn onímọ̀ máa kọ ọ́ sí bí kò bá tíì sí àpèjúwe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ìròyìn máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù, nítorí "wọ́n ṣàwárí" ni oníròyìn máa ń kọ, nígbà tó jẹ́ pé rírí kì í ṣe ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló ti wà lọ́wọ́ tí kò sẹ́ni tó tíì dá sí wọn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì rí i pé, tí a bá ro ó pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọdún 21 ló ń wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n kó ẹ̀yà kan nínú igbó àti ọjọ́ tí àpèjúwe rẹ̀ jáde. Ọdún 21 nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó kòkòrò pamọ́ sí! Ìdí ẹ̀ ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò pọ̀, owó tí wọ́n ń ná lé e lórí kò tó nǹkan, iṣẹ́ náà sì ń jẹ àkókò. Èyí tí Tweed rí kò tó ọdún méjì ààbọ̀, kíákíá nìyẹn sì jẹ́.

Bí a bá wo gbogbo àgbáyé, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ẹ̀yà kòkòrò tó wà lè tó mílíọ̀nù 5.5. Èyí tó ti lórúkọ nínú ìwé kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ, ìdá kan nínú márùn-ún.

Kí ni ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn oníwo gígùn?

Cerambycidae ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀yà tó ti lórúkọ nínú wọn lé ní 35,000. Ìwo tó wà lórí wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: ó sábà máa ń gùn tó ara kòkòrò náà, tàbí kó gùn jù ú lọ dáadáa. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀ súnmọ́, ẹ ó rí i pé ẹyinjú rẹ̀ kò yí po bíi ti kòkòrò mìíràn. Ó kọ́ wọnú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìdí ìwo náà ká, bíi pé àárín ojú ni ìwo ti hù. Bẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á ké fínfín. Ẹnu kọ́ ló ń ké o. Ọrùn rẹ̀ ló ń fi ha ara rẹ̀, tó ń lọ sókè sódò, tí ìró náà ń jáde.

Inú igi ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti ń dàgbà. Abo á yé ẹyin sí èèpo igi, ìdin á jẹ wọ inú igi lọ, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn. Igi tó ti kú tàbí tó ń kú lọ ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ńlá fún igbó nípa sísọ igi gbígbẹ padà di ilẹ̀. Àwọn díẹ̀ ló ń gbógun ti igi tútù, àwọn díẹ̀ yẹn ló sì ń ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́. Títóbi wọn kò dọ́gba: *Titanus giganteus* ti igbó Amazon lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16.

Wọ́n wà nílẹ̀ tiwa níbí náà. Àwọn àgbẹ̀ kajú mọ ọ̀kan dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. *Analeptes trifasciata* ni, èyí tí àwọ̀ ọsàn àti dúdú pín ara rẹ̀ sí ìlà. Ó máa ń jẹ ẹ̀ka igi yípo yípo títí ẹ̀ka náà á fi gbẹ, tí afẹ́fẹ́ á sì dá a. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àràbà, osè àti ìyeyè pẹ̀lú.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kò sí nínú ìwé?

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká pe Cerambycidae ní agboolé. Nínú agboolé, ìdílé pọ̀. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà lè jẹ́ ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Orúkọ àkọ́kọ́ nínú orúkọ méjì tí wọ́n ń kọ ni orúkọ ìdílé, èkejì ni ti ẹ̀yà. *Excastra* ni ìdílé, *albopilosa* ni ẹ̀yà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tuntun tí wọ́n ń kéde lọ́dọọdún, inú ìdílé tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí. Èyí tí Tweed rí kò rí ìdílé tí yóò wọ̀. Wọ́n ní láti dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un, òun nìkan ló sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí àpèjúwe náà jáde. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìròyìn náà tóbi ju ti ẹ̀yà tuntun lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníròyìn fò ó.

Kí wọ́n tó lè sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti gbé kòkòrò náà sábẹ́ maikirosíkóòpù, kí wọ́n wo gbogbo oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìwo rẹ̀ ṣe pín sí abala, bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí, bí èèpo líle tó bo ìyẹ́ rẹ̀ ṣe parí sí ìdí, àti bí irun ṣe hù. Wọ́n á wọn ohun tó ṣeé wọ̀n, wọ́n á ya àwòrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi wé gbogbo ìbátan tó súnmọ́ ọn, nínú ìwé àti nínú dúrọ́ọ̀. Bí àpèjúwe kan bá ti wà láti ọdún 1840, tí ẹyọ tí wọ́n fi jẹ́rìí rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Paris, wọ́n ní láti wá bó ṣe rí, nítorí òfin ni pé orúkọ tó bá ti kọ́kọ́ jáde ló lẹ́tọ̀ọ́. Ibi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọdún 1758, ọdún tí wọ́n ka ìwé Carl Linnaeus ará Sweden sí ìpìlẹ̀ orúkọ ẹranko. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kòkòrò kan jẹ́ tuntun ní láti dáhùn fún àkọsílẹ̀ tó lé ní ọdún 250.

Ẹyọ tí wọ́n gbé àpèjúwe kà ni wọ́n ń pè ní holotype. Bí ariyanjiyan bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni wọn yóò padà lọ wò. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn ńlá ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ gún, ní èèpo ìyẹ́ apá ọ̀tún. Èyí tó kéré, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ìwé pélébé á wà lábẹ́ rẹ̀: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ wo, ta ló mú un. Kòkòrò tí kò bá ní ìwé pélébé yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rẹwà tó.

Kí ni irun yẹn wà fún?

Èrò tí àwọn tó ṣàpèjúwe rẹ̀ fi síwájú ni pé ó ń fi irun náà tan àwọn ẹyẹ jẹ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, irú ohun tó ń mú kí oúnjẹ bu, wà tó máa ń wọ ara kòkòrò, tí á pa á, tí á wá hù jáde ní funfun lára òkú rẹ̀. Ẹyẹ tó bá rí irú òkú bẹ́ẹ̀ lè má fẹnu kàn án. Bí kòkòrò alààyè bá wá jọ èyí tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti pa, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ikú nípa bẹ́ẹ̀. Èrò ni o, wọn kò tíì fi ìdánwò kankan fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì sọ pé ó dìgbà tí wọ́n bá rí òmíràn tí wọ́n sì wo ìṣe rẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ ọ́ ní àsọyán. Ẹni tó bá kà á lórí ayélujára pé "ó ń díbọ́n bí òkú" kó mọ̀ pé wọ́n ti fi ìyẹn sókè ju bí àwọn onímọ̀ ṣe sọ ọ́ lọ.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n pa ẹyọ kan ṣoṣo?

Lórí èyí, ọ̀rọ̀ kò ṣọ̀kan láàárín àwọn onímọ̀ pàápàá.

Àwọn kan ní láyé kámẹ́rà tó mọ́lẹ̀ tó ti òde òní, àwòrán tó. Lọ́dún 2015, wọ́n ṣàpèjúwe eṣinṣin kan láti Gúúsù Áfíríkà, *Marleyimyia xylocopae*, láti inú àwòrán nìkan. Kò sí ẹyọ kan nípamọ́. Ariwo ta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, onímọ̀ 493 fọwọ́ sí ìwé pé àwòrán kò tó, pé ó lè kó bá iṣẹ́ náà. Àlàyé wọn ni pé àwòrán kò ní fi abẹ́ ikùn hàn, kò ní fi ẹ̀yà ìbímọ hàn, tí ó sì jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ kòkòrò ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Bí ìbéèrè tuntun bá yọ lọ́la, èèyàn kò lè bi àwòrán. Àwọn tó wà ní òdìkejì ní ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, pàápàá bí ẹranko náà bá sá lọ, tàbí bí òfin kò bá gbà kí wọ́n mú un. Òfin àgbáyé kò ka àwòrán nìkan sí èèwọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba àwọn onímọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ẹyọ gidi pamọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbà pé DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí, ló máa yanjú ẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn kan ṣàpèjúwe ẹ̀yà agbọ́n kékeré 403 láti Costa Rica lẹ́ẹ̀kan náà, DNA ni wọ́n sì gbára lé jù. Àwọn tó kín wọn lẹ́yìn ní bí a bá ní ká máa wo ẹsẹ̀ àti ìwo lọ́kọ̀ọ̀kan, igbó á ti tán ká tó dé ìdajì. Àwọn tó ta kò wọ́n ní àpèjúwe tí ẹni tí kò ní yàrá ìwádìí kò lè lò ti gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kòkòrò pọ̀ sí jù. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kejì yìí wúwo fún ilẹ̀ bíi tiwa, ó sì yẹ kó wà lójú gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé àríyànjiyàn náà.

Ní ti pípa, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kòkòrò ń sọ ni pé ẹyọ kan tí wọ́n mú kì í pa ẹ̀yà kòkòrò run. Igi tí wọ́n gé, iná àti oògùn apakòkòrò ló ń pa á run. Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún kòkòrò tó ń bí púpọ̀. Fún ẹranko ńlá tó ti kù díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Ìbéèrè kan tún so mọ́ èyí: ṣé ẹyọ kan tó láti sọ pé ẹ̀yà kan wà? Ẹyọ kan kò lè fi hàn bí akọ ṣe yàtọ̀ sí abo, tàbí bóyá irun gbogbo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kòkòrò ilẹ̀ olóoru ni kò ju ẹyọ kan lọ tí wọ́n tíì rí, bí a bá sì dúró de èkejì, ìgbà tí yóò dé kò lọ́jọ́. Bí kòkòrò náà bá sì yàtọ̀ tó ti *Excastra*, tí kò jọ ìdílé kankan, ìyàtọ̀ ara ẹnìkan sí ẹnìkan kò lè mú irú ìyẹn wá.

Ta ló ń yan orúkọ?

Ẹni tó bá ṣàpèjúwe ẹ̀yà ló ni í. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wọ̀nyí ṣe: èdè Látìn ni wọ́n lò, *Excastra* ni "láti inú àgọ́", *albopilosa* ni "onírun funfun". Wọn kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ohun tí àwọn kan sì ń fẹ́ nìyẹn lóde òní, nítorí orúkọ èèyàn ti dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn kan wà nínú ihò àpáta ní Slovenia tí wọ́n ń pè ní *Anophthalmus hitleri*. Ọdún 1937 ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì wà síbẹ̀. ICZN, àjọ tó ń mójú tó orúkọ ẹranko lágbàáyé, sọ lọ́dún 2023 pé àwọn kò ní máa yí orúkọ padà nítorí pé ó ń bí èèyàn nínú, kí orúkọ má baà di ohun tí kò dúró sójú kan. Àwọn onímọ̀ ewéko gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ní Madrid, wọ́n dìbò pé kí wọ́n yí "caffra" padà sí "affra" nínú orúkọ ewéko tó lé ní 200, nítorí èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ.

Àǹfààní wo ló wà nínú gbogbo èyí?

Ẹ padà wo kajú. Ọdún 1775 ni Fabricius, akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, ti ṣàpèjúwe *Analeptes trifasciata*. Nítorí pé ó lórúkọ, gbogbo ohun tí olùwádìí kan rí nípa rẹ̀, ní Nàìjíríà, Benin tàbí Ghana, orúkọ kan náà ni wọ́n ń kó o sí. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé inú ẹ̀ka tó ti jẹ yípo yẹn gan-an ni ẹyin àti ìdin rẹ̀ ń wà. Àgbẹ̀ tó bá ṣa àwọn ẹ̀ka tó já bọ́ àti èyí tó ṣì rọ̀ lórí igi, tó dáná sun wọ́n, ti pa ìran tó ń bọ̀. Kò ná an ní kọ́bọ̀ oògùn.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Brooklyn, ní New York, lọ́dún 1996, nígbà tí wọ́n rí ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn oníwo gígùn kan tó ń pa igi àdúgbò. *Anoplophora glabripennis* ni, láti ilẹ̀ Éṣíà. Inú pákó tí wọ́n fi di ẹrù ló bá wọlé. Ó ti lórúkọ nínú ìwé láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí náà gbàrà tí wọ́n dá a mọ̀ ni wọ́n ti mọ ibi tó ti wá àti igi tó ń jẹ. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ni wọ́n ní láti gé. Òfin tó wà káàkiri àgbáyé báyìí, pé kí wọ́n fi ooru tàbí oògùn pa ohun tó wà nínú pákó ẹrù kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, irú àjálù bẹ́ẹ̀ ló bí i.

Ní ti *Excastra*, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé ó ṣòro kí ẹ̀yà tí kò lórúkọ wà lórí ìwé àwọn ohun tí òfin ń dáàbò bò, tàbí lórí ìwé àwọn tó ti pòórá. Nísinsìnyí tó ti lórúkọ, iṣẹ́ tó kù ni wíwá ìkejì. Bí ẹnìkan bá rí i lórí òkè Binna Burra tàbí nínú igbó Lamington, àwọn ohun tí wọ́n máa fẹ́ mọ̀ ti wà nílẹ̀: orí igi wo ló wà, oṣù wo ni, ọ̀sán ni àbí òru, akọ ni àbí abo, inú igi wo sì ni ìdin rẹ̀ ń gbé.